Bí Àgbà Bá Ṣubú

Oṣù mẹ́ta gbáko, ìṣubú nìkan la kọ́.
Kuwabara kò fi bí a ti ń gbéni ṣánlẹ̀ hàn mí,
kò jẹ́ kí n di ẹnikẹ́ni lápá mú.
Ó ní, "Shizue, lóṣòó. Ó yá, ṣubú."
Mo ṣubú.
Ó ní, "Àpò ìrẹsì nìyẹn. Dìde, tún ṣubú."

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí nígbà náà,
opó, ọ̀kan nínú àwọn tó ń di akàn sínú agolo
ní Nemuro, níbi tí òtútù ti ń bu ìka jẹ bí ajá.
Àwa tí a jọ ń wé àmùrè funfun,
èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò tíì pààrọ̀ eyín tán.
Wọ́n ń pè mí ní Ìyá,
wọ́n ń rọra dì mí mú bí ẹni gbé ẹyin.

Ilé tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí ni gbọ̀ngàn wa tẹ́lẹ̀.
Ẹní ibẹ̀ le, ó ń rùn fún òógùn àti iyọ̀.
A máa ń tẹríba fún un kí a tó gbẹ́sẹ̀ lé e.
Mo bi í pé, ta là ń kí lórí ẹní tó ṣófo?
Kuwabara, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
tí orúnkún rẹ̀ kan kì í ká mọ́,
ó ní, "Ilẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó dá a rí.
Kọ́ bí a ṣe ń kí i."

Kíkí náà rèé:
kí àtẹ́lẹwọ́ kọ́kọ́ débẹ̀, kí apá tẹ̀lé e,
pàà!
kí ariwo gba ohun tó yẹ kí egungun gbà,
kí àgbọ̀n sún mọ́ àyà.
Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú,
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Lórí ẹní yìí, ẹni tó wo iwájú á fi imú gbálẹ̀,
ẹni tó wo ẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ á ròyìn fún un.
Ìdodo ni kí o wò, níbi kókó àmùrè,
ojú ibi tí wọ́n ti gé ọ kúrò
lára ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ.

Lálẹ́, ìbàdí mi a dúdú bí ewéko òkun.
Mo máa ń sunkún díẹ̀ nínú omi gbígbóná,
kì í ṣe nítorí ìrora.
Láti ọjọ́ tí òkun ti gba Sadakichi lọ́wọ́ mi,
ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró ṣinṣin bí òpó iná.
Ta ló mọ̀ pé ìdúró náà ń rẹ èèyàn?

Ó di oṣù kẹrin, Haruomi ọmọ alápẹja,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fi ìbàdí gbé mi.
Mo rí àjà. Mo rí iná. Mo rí ẹsẹ̀ ara mi lókè.
Pàà!
Ojú ọmọ náà ti funfun. "Ìyá, ṣé kò sí?"
Ẹ̀rín ni mò ń rín.
Mo ní, "Tún un ṣe."

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún,
omi dídì bo ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́.
Ẹsẹ̀ mi lọ, kò dágbére.
Ọwọ́ mi ti lu ilẹ̀ kí ẹ̀rù tó jí.
Mo nà gbalaja, mò ń wo bọ́tìnì kóòtù mi.
Ẹyin mẹ́wàá ni mo rà; méje fọ́.
Nínú egungun mi, ẹyọ kan kò fọ́.

Mo sáré lọ sọ fún Kuwabara,
mo bá a tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà.
Kò béèrè ara mi. Kò béèrè ẹyin.
"Ọwọ́ wo lo fi lu ilẹ̀?"
"Òsì ni."
Ó ronú, ó tún kó ṣọ́bìrì kan dànù.
"Wá lọ́la," ó ní, "ká wo ti ọ̀tún."